Ẹ Má Kí Mi Nídìí Géèjì

Bí ogójì ọdún ni mo fi bẹ àwọn ará Ifẹ̀ pé kí wọ́n má kí mi, wọn kò gbọ́. Mo máa lóṣòó sẹ́bàá ògiri ilé onílé, ojú mi á wà lára géèjì, èémí mi pàápàá á wà ní ìdajì, ẹnìkan á kàn yọ láti ẹ̀yìn: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òjò àná yìí mà pọ̀ o!" Bí n kò bá dáhùn, wọ́n á tún un sọ. Bí n kò bá tún dáhùn, wọ́n á yíjú sí ara wọn: "Irú àgbà wo lèyí? Ṣé kò gbọ́ Yorùbá ni?" Mo gbọ́ Yorùbá. Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́ ohun tí mo ń sọ.

Mùfútàù lorúkọ mi. Ẹdẹ ni bàbá mi ti wá, àmọ́ Ìlàrè ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé. Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, tí gbogbo yín ń pè ní éèsì, ni mo fi jẹun títí orúnkún mi fi kọ̀ láti máa gun àkàbà. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá mi báyìí pé, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ yìí dáa kéèyàn kọ́?" Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni iye tó ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ìyẹn ká lè kúrò níbẹ̀: owó rẹ̀ tó jẹun, kò tó yangàn. Mo fi kọ́lé kan, mo fi rán ọmọ márùn-ún nílé ìwé. Ó tán. Ohun tí wọn kì í béèrè ni ohun tí iṣẹ́ náà máa gbà lọ́wọ́ wọn, ìyẹn gan-an sì ni mo jókòó kọ yìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé girama, ni bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Olúwọlé ní Ìrẹmọ. Ìjẹ̀bú ni Ọ̀gá, Kírísítẹ́nì tí kì í pa ìsìn jẹ. Ó ga, ó gbẹ, kì í sì í rẹ́rìn-ín àfi tó bá di Sátidé. Ọdún àkọ́kọ́, fíríìjì nìkan ni mo fọwọ́ kàn, ìyẹn náà láti nù ún. Ọdún kejì ló fún mi ní páìpù bàbà pé kí n máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ẹnu rẹ̀ kó rí bí ẹnu fèrè, kí nọ́ọ̀tì tó máa dè é lè jókòó le e dáadáa. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣí ẹnu páìpù. Ọ̀gá á gbé e sójú, á wò ó, á sọ ọ́ sínú garawa. "Ó ya." Òmíràn: "Ó wọ́." Òmíràn, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn sọ ọ́ nù. Mo máa ń wò ó pé, ọkùnrin yìí, kí gan-an ni mo ṣe fún ẹ?

Nígbà yẹn, éèsì ojú fèrèsé ló wọ́pọ̀. Àpótí kan ṣoṣo ni. Bí onílé bá ń kó lọ, ẹ ó yọ ọ́, ẹ ó gbé e, ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ yunifásítì tó ń ti òkè òkun bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú oríṣi mìíràn wá, alápá méjì. Apá kan á wà nínú iyàrá, á máa fẹ́ atẹ́gùn tútù. Apá kejì á wà níta lára ògiri, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ wà, òun sì ni ọkàn ẹ̀rọ náà. Páìpù méjì ló so wọ́n pọ̀, ọ̀kan tínínrín, ọ̀kan sanra, inú wọn sì ni gáàsì tó ń mú ilé tutù ń gbà lọ gbà bọ̀. Bí o bá gé páìpù yẹn láìtọ́jú gáàsì, ṣìììì, ó ti bá afẹ́fẹ́ lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é káàkiri ìlú! Wọ́n á fi ayùn irin gé e, wọ́n á ní kí onílé má ṣèyọnu, àwọn máa rọ òmíràn sí i. Rọ èwo? Gáàsì téèyàn máa wọkọ̀ lọ Ìbàdàn wá, tó tún máa padà dé lọ́wọ́ òfo?

Ọ̀gá Olúwọlé kì í gé páìpù. Ó ní gáàsì inú ẹ̀rọ, ti onílé ni, a ò gbọ́dọ̀ dà á nù. Ohun tó máa ń ṣe rèé. Á tan ẹ̀rọ kó máa ṣiṣẹ́. Á so géèjì, aago alábẹ́rẹ́ tó ń wọn agbára gáàsì, mọ́ páìpù tó sanra. Á wá fi kọ́kọ́rọ́ ti fáàfù páìpù tínínrín pa, kí gáàsì má lè jáde lọ sínú ilé mọ́. Kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ á máa fa èyí tó ṣẹ́kù nínú ilé bọ̀, á máa kó o jọ sínú apá ti ìta, bí ẹni ń kó àgùntàn wọlé nírọ̀lẹ́. Abẹ́rẹ́ géèjì á máa sọ̀kalẹ̀, á máa sọ̀kalẹ̀. Bó bá ti fẹ́ kan òdo, á ti fáàfù kejì pa, á sì kígbe sí ẹni tó wà nídìí súwíìṣì nínú ilé: "Pa á!" Gbogbo gáàsì ti wọ àtìmọ́lé. Ìgbà yẹn lo tó lè tú páìpù, kí o fi tẹ́ẹ̀pù dí ẹnu rẹ̀, kí o gbé ẹ̀rọ lọ síbi tó bá wù ọ́.

Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni. Ṣùgbọ́n bí o bá jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kọjá òdo tí o ò pa ẹ̀rọ, kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ ò ní gáàsì tó máa fà mọ́, ohunkóhun tó bá rí ló máa fà. Bí ojú ihò kékeré kan bá wà níbì kan, afẹ́fẹ́ ló máa fà wọlé. Afẹ́fẹ́ àti òróró gbígbóná inú kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀, nínú irin tí a tì pa, ẹ̀tù ìbọn nìyẹn. Nítorí náà ni Ọ̀gá ṣe ní òfin kan tí kò ní àfikún: "Bí abẹ́rẹ́ bá ti ń sọ̀kalẹ̀, adití ni ẹ́, odi sì ni ẹ́. Bí ọba bá ń kọjá, kó máa kọjá."

Ẹ gbà mí o! Nílẹ̀ Yorùbá? Níbi tó jẹ́ pé bí ọmọ bá kọjá lára àgbà láìkí i, ìyá tó bí i ni wọ́n máa bú? Mo rò pé àsọdùn ni, àfi ìgbà tí Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í dán mi wò. Bí mo bá wà nídìí géèjì, á pè mí, á bú mi, á ju àwo mọ́lẹ̀ lẹ́yìn mi. Lọ́jọ́ kan, ó ránṣẹ́ pe ìyá mi pé kó wá wo bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń mọṣẹ́. Inú ìyá mi dùn, ó wọ aṣọ Jímọ́ọ̀ rẹ̀ wá. Ọ̀gá mú un gba ẹ̀yìn mi yọ, ìyá mi sì pè mí: "Àkànní mi!" Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo yíjú. Abẹ́rẹ́ kọjá òdo. Ọ̀gá pa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ó sì fi ìdí kọ́kọ́rọ́ kàn mí lórí, kọ́ọ́, lójú ìyá mi. "Tún un ṣe!"

Mo tún un ṣe. Ìyá mi tún pè mí. Lọ́tẹ̀ yìí n kò yíjú, n kò sì dáhùn títí mo fi ti fáàfù méjèèjì pa. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ọjọ́ Sátidé. Ìyá mi ní tirẹ̀ ká gèlè rẹ̀ mọ́ra. "Ọ̀gá, ẹ ṣeun o. Mo mú ọmọ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ fi ìgbéraga kọ́ ọ." Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀ tó délẹ̀.

Ọdún karùn-ún ni ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀. Ó ku oṣù díẹ̀ kí n gba òmìnira, mo sì ti rí Rábíátù. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló ń lọ, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n tíì máa sọ ti Rábíátù, bàbá rẹ̀ ni ìṣòro. Bàbá Lásísì, bíríkìlà àgbà, ọmọ Ìwó tó ti pẹ́ ní Ìlàrè. Bàbá yìí fẹ́ràn ìkíni bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ẹran. Bí o bá kí i láàbọ̀, á ní kí o padà sójú títì, kí o wá wọlé lákọ̀tun. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan kí i ní ìdúró rí, ó lé e padà sílé pé kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn kó tó wá fọwọ́ kan símẹ́ńtì òun. Àwọn ẹbí mi ti gbé igbá ìtọrọ lọ bá wọn, wọ́n ní kí a máa retí èsì. Bàbá fúnra rẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Mo ń wò ọ́ o, Mùfútàù. Ìwà ni mo ń wò." Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ Rábíátù ju bí mo ṣe fẹ́ òmìnira lọ, ẹnu bàbá yẹn sì ni bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ti máa jáde.

Ìgbà yẹn ni Dókítà pè wá. Olùkọ́ kẹ́mísìrì ní yunifásítì ni Dókítà, ó ní éèsì alápá méjì kan tó fẹ́ràn bí ojú. Ó ń kó kúrò nílé tí wọ́n fún un nínú ọgbà lọ sí ilé tara rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, Bàbá Lásísì ló sì kọ́ ilé náà fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gbé ẹ̀rọ, Ọ̀gá lọ sílé tuntun láti kan irin tí ẹ̀rọ máa jókòó lé. Ó ní kí èmi kó gáàsì jọ nílé àtijọ́. "O ti mọ̀ ọ́n. Ṣe é bí mo ṣe kọ́ ọ." Orí mi wú. Mo fi Dókítà sídìí súwíìṣì nínú ilé, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí mo bá ti pariwo pé pa á, ẹ pa á." Ó ní kò sí wàhálà. Mo bọ́ síta, mo so rọ́bà géèjì mọ́ ẹ̀rọ, mo fi ọwọ́ dè é. Ó yẹ kí n fi sípánà dè é le. N kò fi sípánà dè é. Ọkùnrin tó ti mọ̀ ọ́n ni mo jẹ́, àbí?

Mo ti fáàfù àkọ́kọ́ pa. Abẹ́rẹ́ ń bọ̀ nílẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi: "Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ o."

Bí ẹ bá ń fẹ́ ọmọ ẹni kan, ẹ máa dá ohùn ẹni náà mọ̀ nínú oorun. Bàbá Lásísì ni, ó wá béèrè lọ́wọ́ Dókítà bó ṣe fẹ́ kí ihò tí páìpù máa gbà ga tó lára ògiri tuntun. Mo rántí òfin Ọ̀gá. Ọlọ́run ló gbọ́, mo rántí ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí "ìwà ni mo ń wò" pẹ̀lú. Mo fi géèjì sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ìyá ńkọ́? Gbogbo ilé ńkọ́? Ẹ kú iṣẹ́ ilé Dókítà." Inú Bàbá dùn dọ́ba. Ó gbà á, ó ń dá a padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè bàbá mi, ó béèrè ìyá mi, ó béèrè àbúrò mi tó ní ibà. Dókítà pè láti inú ilé: "Mùfútàù, ṣé kí n pa á?" Mo gbọ́ ọ. Àmọ́ Bàbá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, a kì í sì í já ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu. Mo ní tó bá ti dánu dúró, màá dáhùn. Kò dánu dúró. Ó rìn sún mọ́ ẹ̀rọ, oníṣẹ́ ọwọ́ sì ni, ó fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e. "Kí ló ń kùn báyìí?"

Mo yíjú. Abẹ́rẹ́ ti kọjá òdo tipẹ́, afẹ́fẹ́ ti ń gba ìdí rọ́bà tí mo fi ọwọ́ dè wọlé, ohùn ẹ̀rọ ti yí padà, ó ń lọgun bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Mo la ẹnu láti kígbe. Gbàù!

N kò fẹ́ sọ púpọ̀ níbẹ̀. Páìpù kan bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀, òróró gbígbóná sì tú sára Bàbá láti ìka dé ìgúnpá. Bàbá ò pariwo. Ó kàn ń ní "Lá ìláhà, lá ìláhà," kò lè parí ẹ̀. Dókítà fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn, mo di Bàbá mú lẹ́yìn ọkọ̀, mo ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ọ̀gá bá mi níbẹ̀. Mo rò pé ó máa lù mí, mo tiẹ̀ ń fẹ́ kó lù mí. Ó kàn béèrè pé, "Kí lo ń ṣe lọ́wọ́?" Mo ní mo ń kí Bàbá ni. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó wo ilẹ̀ títí. "Ó dáa. O kí i dáadáa." Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó dá mi padà sí fíríìjì nínù, ó sì sún òmìnira mi síwájú láìdá ọjọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní ju ìdí kọ́kọ́rọ́ lọ.

Àwọn ẹbí mi lọ bẹ̀bẹ̀ nílé Bàbá. Bàbá mi ní ká fara mọ́ kádàrá, pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Àbúrò Bàbá Lásísì, tó jẹ́ àfáà, dìde dúró. "Agbè wo ni ò fọ́? Ọwọ́ ọ̀tún bíríkìlà! Agbè rẹ̀ nìyẹn! Ẹni tó fẹ́ pa wá lẹ fẹ́ kí a fi ṣàna?" Bàbá fúnra rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó fi aṣọ bo ọwọ́, kò dá sí i. Rábíátù sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

"Ṣé o mọ̀ pé kò yẹ kí o kí i?"

"Mo mọ̀. Tí n kò bá wá kí i ńkọ́? Ṣé kò ní bínú ni?"

"Á bínú. Ìbínú a máa tán, Mùfútàù. Ọwọ́ bàbá mi ńkọ́?"

Kí n tó sọ bó ṣe parí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ díẹ̀, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ pé, "Ayé àtijọ́ nìyẹn, Bàbá." Òótọ́ ni. Nígbà tiwa, rọ́bà géèjì kan ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní, bó bá sán, a ó gé orí rẹ̀, a ó tún un dè, títí á fi kúrú bí ìrù ewúrẹ́. Ọṣẹ ìfọṣọ la fi ń wá ibi tó ń jò: o ó pò ó kó hó, o ó fi kan ìdí nọ́ọ̀tì, ibi tó bá ti ń yọ ìfófòó ló ń jò. Lónìí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì, géèjì tó ń tan iná, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù. Ó dáa, n kò bá wọn jà. Ohun tó ń bí mi nínú ni ọmọkùnrin tí mo rí lọ́nà Ẹnuwá lọ́jọ́sí, tó so géèjì olówó iyebíye mọ́ ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ ń sọ̀kalẹ̀, òun sì ń fi fóònù bá ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ṣeré. Mo dúró tì í, n kò lè kí i, n kò lè bú u, torí òfin ni. Àfi ìgbà tó parí ni mo tó bú u. Mo bú u dáadáa. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ó wà nínú irinṣẹ́ tuntun, ó wà nínú ti àtijọ́.

Ó dáa. Bí oṣù mẹ́jọ kọjá. Ọwọ́ Bàbá ti jinná, ṣùgbọ́n ìka méjì kò ká mọ́, kò sì lè di ṣíbí bíríkìlà mú. Ó ń jókòó lórí pákó, ó ń fi ẹnu darí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Èsì kankan ò tíì wá látọ̀dọ̀ wọn, igbá wa ṣì wà nílé wọn, wọn ò dá a padà, wọn ò sì ṣí i jẹ. Bí mo bá jí, ohun tí mo máa kọ́kọ́ rò nìyẹn.

Ni Dókítà bá tún ránṣẹ́. Ọ̀gá ti bá a wá kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ mìíràn, ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́ nílé tuntun. Kí ló wá fẹ́? Ìyàwó rẹ̀ ní ó ń fẹ́ sí òun lọ́rùn, kí a gbé e kúrò ní iyàrá lọ sí pálọ̀! Ẹ̀rọ tó fẹ́ẹ̀ gbẹ̀mí bàbá ẹlòmíràn, ó ń fẹ́ sí wọn lọ́rùn! Mo bínú títí mo fi ń dá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá na kọ́kọ́rọ́ sí mi. "Ìwọ ni o máa ṣe é. Èmi ò ní tẹ̀lé ẹ." Mo gbà á, mo sì kọrí sílé Dókítà.

Mo fi sípánà de rọ́bà géèjì, mo tún fi sípánà dè é, mo fi ọṣẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi Dókítà sídìí súwíìṣì. Òun náà ti kọ́gbọ́n, kò gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Mo ti fáàfù páìpù tínínrín pa. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀ lórí yanrìn, tí ohùn yẹn sì sọ pé, "Mùfútàù."

N kò dáhùn.

"Mùfútàù, èmi ni. Mo dé ṣọ́ọ̀bù yín, wọ́n ní o wà níbí." Mo mọ̀ pé ó ń retí kí n dọ̀bálẹ̀. "Ẹbí mi ti jókòó. Wọ́n ní kí a dá igbá yín padà. Ìyá rẹ sunkún, kò gbà á lọ́wọ́ wa, ni mo ṣe ní kí n gbé e wá fún ọ fúnra mi."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tó yẹ kí n ṣe. Ó yẹ kí n wólẹ̀, kí n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kí n má sì jẹ́ kó lọ títí á fi dá mi lóhùn. Bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbà nìyẹn, mo sì mọ̀ pé bí n kò bá bẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn, Rábíátù ti lọ. Omijé ń dà lójú mi, n kò lè nù ún. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà lórí kọ́kọ́rọ́, ojú mi wà lára abẹ́rẹ́. Mo wá fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí i pé Bàbá ń sún mọ́ ẹ̀rọ, ó ń wá ibi tó máa gbé igbá kalẹ̀ sí, orí ẹ̀rọ náà ló sì fẹ́ gbé e lé.

Mo na ọwọ́ òsì mi sí i láìyíjú, mo jù ú sẹ́yìn, bí ẹni ń lé adìẹ: ẹ sún sẹ́yìn! Ọwọ́ òsì! Sí bàbá ìyàwó mi! Mo gbọ́ tí ó mí kanlẹ̀. Mo gbọ́ tí ó ní "Sùbúhánàllàhì." Ṣùgbọ́n ó sún sẹ́yìn.

Abẹ́rẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀. Mo ti fáàfù kejì pa. "Pa á!" Dókítà pa á kí n tó pa ẹnu dé. Gbogbo nǹkan dákẹ́, mo sì dojú bolẹ̀ lórí yanrìn. "Ẹ dákun, Bàbá. Ẹ forí jì mí, Bàbá."

Kò ní kí n dìde. Ó dúró lókè mi, ó fi apá òsì há igbá mọ́yà.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo wí?"

"Mo gbọ́ ọ, Bàbá."

"O gbọ́ ọ, o ò yíjú. O wá fi ọwọ́ òsì lé mi."

"Ọ̀tún wà lórí kọ́kọ́rọ́, Bàbá. Ẹ sún mọ́ ọn jù. Ọwọ́ kan ló kù fún yín."

Mo gbé orí sókè díẹ̀, mo rí i tí ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìka méjì yẹn, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni wọ́n. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé igbá náà ka iwájú mi.

"Dìde, gbé e. Ó wúwo fún ọwọ́ kan."

Mo dìde, mo gbé e. Mi ò mọ ibi tí màá kọjú sí. "Ṣé kí n gbé e lọ fún ìyá mi ni, Bàbá?"

"Ìyá rẹ kẹ̀?" Ó ti yí padà, ó ti ń lọ sójú títì. "Tẹ̀ lé mi. Ilé mi ni mo ti gbé e wá."